Ọwọ́ Tí Reese Jù ní Dallas

Ó ku díẹ̀ kí fèrè ìparí dún nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn obìnrin yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Angel Reese, ọmọ yunifásítì LSU, yà kúrò níbi tó wà, ó tọ Caitlin Clark ti yunifásítì Iowa lọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ojú ara rẹ̀, ó ń jù ú sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni ń wí pé, "O ò lè rí mi." Ó tún ń tọ́ka sí ìka tí òrùka aborí máa wọ̀. Clark ò dáhùn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. LSU ló borí pẹ̀lú 102 sí 85, ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 2023, nínú gbọ̀ngàn American Airlines Center ní Dallas. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ti bo ọ̀rọ̀ ife ẹ̀yẹ mọ́lẹ̀.

Mo kọ àkọsílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ń darí eré ìdárayá àwọn obìnrin, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ eré lórí rédíò, nítorí ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ń fà yọ nínú ìtàn Clark àti Reese ò péye. Wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ èrò, kó wá ọmọbìnrin méjì tí yóò máa kọjú ìjà síra wọn. Bí a bá tẹ̀ lé ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé ìfigagbága ṣiṣẹ́ gan-an ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ṣiṣẹ́, ó sì ní iye tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ilé náà kí àwọn méjèèjì tó wọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n obìnrin ní Amẹ́ríkà ti ní ìfigagbága tirẹ̀ tipẹ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 1995 ni yunifásítì Connecticut àti Tennessee ti ń bára wọn fa wàhálà, Geno Auriemma níhìn-ín, Pat Summitt lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ojú ìjà yẹn. Àwọn ọmọ ń gboyè jáde, àwọn àgbà ń dúró. Nígbà tí Summitt sì sọ lọ́dún 2007 pé òun ò bá wọn gbá mọ́, ìfigagbága náà dákẹ́. Líìgì àwọn tó ń gba owó, WNBA, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1997 pẹ̀lú Lisa Leslie ní Los Angeles àti Rebecca Lobo ní New York nínú eré àkọ́kọ́ pàá. Àwọn ìràwọ̀ ò wọ́n láti ìgbà náà. Èrò ló ń wọ́n.

Lọ́dún 2021, nígbà tí ìdíje àwọn yunifásítì ń lọ lọ́wọ́, agbábọ́ọ̀lù kan ya fídíò yàrá tí wọ́n fún àwọn obìnrin láti fi ṣe ìdárayá. Àtẹ irin gbígbé kékeré kan péré ló dá dúró níbẹ̀, nígbà tí yàrá àwọn ọkùnrin kún fọ́fọ́ fún irinṣẹ́. Ojú ti àwọn aláṣẹ. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé wọ́n ti ń ta ìdíje àwọn obìnrin ní owó pọ́ọ́kú. Láti ọdún 2022 wọ́n gbà kí àwọn obìnrin náà máa jẹ́ orúkọ March Madness tí àwọn ọkùnrin ti ń dá jẹ. Láti oṣù Keje ọdún 2021, òfin ti gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ pa owó. Nígbà tó di 2023, wọ́n gbé àṣekágbá obìnrin kúrò lórí ìkànnì tí èèyàn ń san owó rẹ̀, wọ́n gbé e sórí ABC, tí gbogbo ilé ń rí, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn kí àlejò tó dé.

Àlejò méjèèjì náà wá yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru. Ọdún 2002 ni wọ́n bí wọn, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Clark jẹ́ ọmọ Des Moines, aláwọ̀funfun, ó dúró sí ìpínlẹ̀ rẹ̀ láti kàwé, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù láti ibi tí àwọn míì ti ń ronú ẹni tí wọ́n máa gbé e fún. Reese wá láti agbègbè Baltimore, aláwọ̀dúdú, ó ti kọ́kọ́ gbá fún Maryland kó tó lọ sí LSU. Abẹ́ agbọ̀n ni ilé tirẹ̀: bọ́ọ̀lù tó bá ta padà, tirẹ̀ ni. Ó ń lẹ irun ojú gígùn wọ pápá, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí òun bá ṣẹ́gun. Ẹni tí kò bá rí ara rẹ̀ nínú ọ̀kan, yóò rí ara rẹ̀ nínú ìkejì. Lójú mi, ibi tí agbára ìfigagbága ti ń wá nìyí. Ìkórìíra kọ́ ló ń mú un lágbára.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ìròyìn fò dá. Nínú ìdíje kan náà, kó tó di Dallas, Clark ti ṣe irú ọwọ́ yẹn nígbà tí Iowa na Louisville, ọjọ́ tó gba àmì 41, bọ́ọ̀lù tó ta padà 10, tó sì gbé 12 fún ẹlòmíì láti jù sáwọ̀n. Wọ́n yìn ín pé ó nígboyà. Nígbà tí Reese ṣe é, èébú tú jáde. Reese dáhùn lálẹ́ ọjọ́ náà níwájú àwọn oníròyìn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni wọ́n ti ń sọ fún òun pé ìwà òun ò bá ìwà ọmọlúàbí mu, pé òun ṣe ohun tí òun ṣe fún àwọn ọmọbìnrin tó jọ òun. Clark fúnra rẹ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá Reese wí. Kò sí ìjà láàárín àwọn ọmọ méjèèjì. Láàárín àwọn tó ń wò wọ́n ni ìjà wà, ohun tó sì wà nídìí rẹ̀ ni àwọ̀ ara, èyí tó ti wà ní Amẹ́ríkà kí a tó bí àwọn méjèèjì.

Èèyàn mílíọ̀nù 9.9 ló wo eré yẹn. Lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí South Carolina na Connecticut nínú àṣekágbá, mílíọ̀nù 4.85 ni. Ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan.

Kí ni wọ́n wá ṣe sí i? Iowa ló kọ́kọ́ yára. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, wọ́n tẹ́ pákó sórí pápá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wọn, Kinnick, níta gbangba nínú òtútù, wọ́n pe DePaul wá. Èèyàn 55,646 ló wá wo eré tí kò tilẹ̀ wọ inú ìdíje kankan. Títí di ìgbà náà, bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n obìnrin ò kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ rí. Sáà náà ń lọ, Clark ń fọ́ àkọsílẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, àmì 3,527 tí Kelsey Plum fi ṣíwájú àwọn obìnrin yunifásítì nínú oṣù Kejì, àmì 3,667 tí Pete Maravich, ọkùnrin, ti dì mú tipẹ́ nínú oṣù Kẹta. Gbogbo ènìyàn sì ń ka ọjọ́, wọ́n ń wo bóyá ọ̀nà Iowa àti LSU yóò tún pàdé.

Ó pàdé. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ní Albany, nígbà tó ku ẹgbẹ́ mẹ́jọ nínú ìdíje. Clark ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta mẹ́sàn-án sáwọ̀n, ó gba àmì 41. Reese fi àmì 17 àti bọ́ọ̀lù tó ta padà 20 dá a lóhùn kí fáòlù karùn-ún tó lé e jáde. Iowa 94, LSU 87. Èèyàn mílíọ̀nù 12.3 ló wò ó, àṣekágbá kọ́ sì nìyẹn.

Lẹ́yìn eré, Reese jókòó níwájú makirofóònù, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí àwọn ti gba ife ni òun ò ti rí àlàáfíà, pé wọ́n ti halẹ̀ ikú mọ́ òun, pé wọ́n ti sọ òun di ohun tí wọ́n ń fi ìhòòhò ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tó jókòó tì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń sọ irú ẹni tó jẹ́ fún wọn. Ẹni tó bá ń fi mílíọ̀nù 12.3 ṣe ìwàásù pé ìfigagbága dára, kó fi omi ojú yìí tì í. Eré kan náà ló mú àwọn méjèèjì wá.

Níbí ni mo ti fẹ́ ká ka iye dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe àwọn olùdarí pọ̀ sí. LSU lọ sílé. Iowa bá Connecticut pàdé, ó lé ní mílíọ̀nù 14 tó wò ó. Wọ́n bá South Carolina pàdé ní Cleveland nínú àṣekágbá, wọ́n pàdánù rẹ̀ 87 sí 75, mílíọ̀nù 18.9 ló wò ó. Àṣekágbá àwọn ọkùnrin lọ́dún náà, mílíọ̀nù 14.8 ni. Lóòótọ́, orí ìkànnì olówó ni ti àwọn ọkùnrin wà, ti àwọn obìnrin wà lórí ABC, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Reese ò sí ní Cleveland. Àwọn tí ìjà pè wá ní Dallas ti di òǹwòran Clark. Lọ́dún 2025, àwọn méjèèjì ti kúrò ní yunifásítì, Connecticut àti South Carolina gbá àṣekágbá, iye náà já sí bíi mílíọ̀nù 8.5. Àwọn kan pariwo pé ó ti tán. Èmi fi mílíọ̀nù 4.85 ti ọdún 2022 wé e, ẹgbẹ́ méjì yìí kan náà ló gbá tọdún náà. Ohun tó lé lórí iye yẹn ni ohun tí ìfigagbága fi sílẹ̀ nílé lẹ́yìn tí àwọn tó ni ín ti jáde.

WNBA wá gbà wọ́n. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2024, Indiana Fever kọ́kọ́ mú Clark, Chicago Sky mú Reese ní ipò keje. Mílíọ̀nù 2.45 ló jókòó wo ètò pípín ọmọ yẹn, nígbà tí èyí tó pọ̀ jù lọ ṣáájú rẹ̀, ti ọdún 2004, ò ju 601,000 lọ. Owó oṣù Clark fún ọdún àkọ́kọ́ lódindi jẹ́ dọ́là 76,535. Ẹ wo iye owó yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò tó ń tẹ̀ lé e: lọ́dún 2023, bíi 4,000 ènìyàn ló ń wọlé wo Indiana nílé wọn, lọ́dún 2024 ó lé ní 17,000. Washington kó eré tí wọ́n bá Indiana gbá lọ sí gbọ̀ngàn ńlá àárín ìlú wọn, 20,333 ló wọlé. Nínú oṣù Karùn-ún ni líìgì kéde pé àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa wọ ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n dá háyà, ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Indiana àti Chicago pàdé lọ́dún náà. Méjì àkọ́kọ́, Indiana ló borí. Nínú ìkejì, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, Clark ń sáré lọ sí abẹ́ agbọ̀n, Reese fẹ́ gba bọ́ọ̀lù, ọwọ́ rẹ̀ bá Clark lórí. Rẹfirí pè é ní fáòlù líle. Láti aago yẹn ni wọ́n ti ń fi fídíò náà hàn káàkiri, tí wọ́n ń fà á lọ síwá, fà á sẹ́yìn, bí ẹni ń wádìí ẹjọ́ ìpànìyàn. Clark ní bọ́ọ̀lù ni ẹnì kejì òun fẹ́ gbá, kò sí ohun mìíràn. Wọn ò gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí mo kà sí oríta ìtàn yìí. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, ní Wintrust Arena, ilé Chicago. Indiana ti fi àmì 15 ṣáájú. Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn bọ̀, Reese ń gba bọ́ọ̀lù tó ta padà, ó ń dá a padà sáwọ̀n, títí Chicago fi borí pẹ̀lú 88 sí 87. Àmì 25, bọ́ọ̀lù tó ta padà 16. Mílíọ̀nù 2.3 ló wo ó, líìgì náà ò tíì rí irú rẹ̀ láti ọdún 2001. Kí ló dé tí mo fi pè é ní oríta? Bí Indiana bá tún na Chicago lọ́jọ́ yẹn, ìtàn náà á di ti ọmọ rere kan àti ẹni ibi kan tó ń dí i lọ́nà. Ọjọ́ yẹn ni ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹni ibi fi hàn pé òun náà mọ bọ́ọ̀lù í gbá, iṣẹ́ ló sì fi hàn án. Reese ti sọ lẹ́yìn eré àkọ́kọ́ nínú oṣù náà pé òun gbà kí wọ́n pe òun ní ẹni ibi bí bọ́ọ̀lù obìnrin á bá tibẹ̀ gbèrú, pé kì í ṣe nítorí ẹnì kan ṣoṣo làwọn èèyàn fi ń wò. Òótọ́ ló sọ. Ó dùn mí pé ọmọ ọdún méjìlélógún ló ní láti máa sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Oṣù Keje fi ojú mìíràn hàn wá. Ní Phoenix, àwọn àṣàyàn líìgì bá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó ń lọ sí Olympics gbá. Clark àti Reese wọ aṣọ kan náà. Clark gbé bọ́ọ̀lù mẹ́wàá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti jù sáwọ̀n. Reese gba àmì 12 àti bọ́ọ̀lù tó ta padà 11. Ẹni tó sì pa eré náà ni Arike Ogunbowale, tí bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà: àmì 34, gbogbo rẹ̀ ní abala kejì. Ó wú mi lórí láti gbọ́ kí wọ́n máa pe Ògúnbọ̀wálé lórí ABC. Àwọn àṣàyàn borí, 117 sí 109. Bíi mílíọ̀nù 3.4 ló wò ó, bẹ́ẹ̀ ìjà kankan ò sí níbẹ̀. Wọ́n wá rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àwọn tí wọ́n ń fà síra wọn bá ń fà sí ọ̀nà kan náà.

Lẹ́yìn náà ni àṣìṣe tó tóbi jù wáyé, àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ́ ló ṣe é. Nínú oṣù Kẹsàn-án, oníròyìn kan bi ọ̀gá àgbà líìgì, Cathy Engelbert, léèrè nípa èébú àti ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí àwọn alátìlẹyìn ń sọ. Ó fi Magic Johnson àti Larry Bird, ọkùnrin agbábọ́ọ̀lù méjì tó figagbága láyé ìjọ́sí, ṣe àpèjúwe, ó ní ìfigagbága ni eré ìdárayá nílò, òun ló ń mú kí èèyàn wò. Kò bá èébú wí. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù yarí, wọ́n ní ìdáhùn tó yẹ kó wá ni pé kò sí àyè fún ìkórìíra. Ó tọrọ àforíjì.

Nílé wa, a mọ ọ̀rọ̀ orogún. Baálé kan wà tí inú rẹ̀ máa ń dùn nígbà tí ìyàálé àti ìyàwó bá ń figagbága, nítorí abọ́ ọbẹ̀ méjì ló ń dé iwájú rẹ̀, ìkejì dùn ju ìkíní lọ. Kò dá sí i nígbà tí àwọn ọmọ ìdí-igi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyá ara wọn. Kò dá sí i títí iná fi ran òrùlé. Àpèjúwe Magic àti Bird gan-an jìnnà sọ́rọ̀. Lóòótọ́, láti àṣekágbá yunifásítì ọdún 1979 ni àwọn méjèèjì ti gbé bọ́ọ̀lù àwọn ọkùnrin lọ́wọ́ sókè, ọ̀rọ̀ aláwọ̀dúdú àti aláwọ̀funfun sì wà nínú tiwọn náà. Ṣùgbọ́n kò sí fóònù lọ́wọ́ gbogbo ayé nígbà náà. Lẹ́tà ìhàlẹ̀ ní láti wọ póòsì. Ti Reese ń bọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ní gbogbo wákàtí.

Ẹni tó bá fẹ́ lo ìfigagbága, ọjọ́ tó bá kéde eré ni kó ti mọ ohun tí yóò sọ nígbà tí èébú bá dé, àti ẹni tí yóò dúró ti àwọn ọmọ náà. Ọdún 2025 ni líìgì tó gbé ètò kan dìde láti kojú ìkórìíra, bẹ́ẹ̀ ọdún méjì ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ Dallas.

Àwa náà ní tiwa. D'Tigress, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n obìnrin Nàìjíríà, ti gba AfroBasket, ife ilẹ̀ Áfíríkà, lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra, láti 2017 títí dé 2025. Senegal ni wọ́n bá pàdé nínú mẹ́ta lára àwọn àṣekágbá náà, Mali nínú méjì. Lọ́dún 2019, inú Dakar gan-an, lójú àwọn ará ilé Senegal, ni wọ́n ti fi 60 sí 55 gba ife lọ́wọ́ wọn. Ìtàn wo ló tún kù? Síbẹ̀, ta ni nínú wa tó lè dárúkọ ọmọ Senegal kan tó gbá eré yẹn? A ń ròyìn ife, a ò ròyìn ẹni tí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ dárúkọ ẹni tó ń bọ̀ wá bá wa jà, ẹ sọ ibi tó ti wá, ẹ sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Chicago gbé eré wọn pẹ̀lú Indiana kúrò ní Wintrust, tí àyè rẹ̀ ò ju bíi 10,000 lọ, wọ́n gbé e lọ sí United Center, ilé ńlá tí àwọn ọkùnrin Bulls ń lò. Kó tó di ọjọ́ náà, Clark farapa. Nígbà tí ìròyìn jáde pé kò ní gbá, owó tíkẹ́ẹ̀tì já wálẹ̀. Eré náà ò dùn. Indiana na Chicago 79 sí 52. Èrò tó wọlé lé ní 19,000, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ò sì sí lórí pápá.